Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Òwò Kíkó Àga Àlòkù fún Àwọn Tó Ń Sọ Wọ́n Dọ̀tun

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba àga, tábìlì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ògbólógbòó, kí wọ́n fá a, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ àti ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tà á ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ráyè máa wá ọjà kiri. Ẹni tó bá lè bá wọn wá a, tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó ti ríṣẹ́. Òwò yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wà níwájú wa dá lé. A ti gé wọn kúrú, a sì pa àwọn tó jọra pọ̀.

Mo ra kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tó ń dán, kò sẹ́ni tó rà wọ́n. Ẹlòmíràn gbé èyí tí gbogbo ojú rẹ̀ ti ha wá, wọ́n sì rà á lójú ẹsẹ̀. Kí ni àwọn oníbàárà yìí ń wò gan-an?

Egungun ni wọ́n ń wò. Ojú tó ń dán yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ fá dànù, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi san owó lé e. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni igi gidi, oríkèé tó ṣì mú, àti ìrísí tó wu ojú. Kọ́bọ́ọ̀dù onígi gidi tí ojú rẹ̀ ti ha sàn fún wọn ju èyí tó ń dán tó jẹ́ pé èérún igi tí a fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ni inú rẹ̀, ìyẹn chipboard.

Ẹ má fi ojú òkè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, kí ẹ wo etí pákó náà. Bí ìlà ara igi bá ti orí pákó wá, tó sì bá a lọ sí etí rẹ̀, igi gidi ni. Bí etí bá fi ìpele ìpele hàn, plywood ni. Kò burú, ó ṣeé kùn, ó sì lágbára. Bí etí bá rí wínníwínní bí èérún tí a tẹ̀ pọ̀, chipboard ni. Èyí tó jọ̀lọ̀, tó ní àwọ̀ kan náà látòkè délẹ̀, tó sì wúwo, MDF ni, ìyẹn pákó tí a fi fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ àti gúlúù tẹ̀ pọ̀. MDF gba ọ̀dà dáadáa lójú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ a máa fa ọ̀dà mu, ó sì nílò kí a dí i kí a tó kùn ún.

Chipboard ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, á wú, kò sì ní padà sípò mọ́ bó ti wù kí ẹ sá a tó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi ìnulẹ̀ ti máa ń kàn án. Ibi tí súkúrù bá ti yọ lára rẹ̀, ihò náà ti gbọ̀jẹ̀gẹ̀, súkúrù tuntun kì í sábàá dúró níbẹ̀.

Ohun kan wà láàrin: igi tàbí plywood tí a lẹ awọ igi olówó iyebíye mọ́ lójú, èyí tí wọ́n ń pè ní veneer. Ẹ má kọ̀ ọ́. Ohun èlò tó dára púpọ̀ ni a ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n awọ yẹn lórí ohun òde òní kì í sábàá nípọn tó mìlímítà kan. Ìdajì mìlímítà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfági lè já a láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé veneer ni kó tó fi ẹ̀rọ kàn án.

Ní ti irú tó ń tètè lọ: kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, kọ́bọ́ọ̀dù kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, àga ìjẹun tó pé mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tábìlì kékeré, àpótí ìjókòó, àti dígí tí férémù rẹ̀ jẹ́ igi. Èyí tó máa ń jókòó tì yín ni wọ́dúróòbù ńlá tí kò ṣeé tú, kọ́bọ́ọ̀dù igun ilé, àti àpótí ńlá tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Ìdí rẹ̀ kò le: ilẹ̀kùn inú ilé púpọ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí 80 sẹ̀ńtímítà lọ, oníṣẹ́ àtúnṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan kò sì ní ibi tí yóò gbé e sí.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó kúrò nílé ni mo ti ń rajà, wọn kì í sì í fún mi láyè púpọ̀. Kí ni mo lè yẹ̀ wò kíákíá, kí sì ni kí n mú dání?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, téèpù ìwọ̀n, ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, súkúrùdíráfà, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, ìbọ̀wọ́ àti bébà dúdú kan. Gbogbo rẹ̀ gba inú báàgì kékeré.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ lókè, nítorí ojú òkè ni olówó rẹ̀ ti nù mọ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí kí ẹ gbé e tì. Ẹ wo ẹsẹ̀: ṣé ó ti là gba ìlà igi? Ẹsẹ̀ tó là báyìí kì í pẹ́ tún là lẹ́yìn tí a bá lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi níbi tó sún mọ́ ilẹ̀. Bó bá wọlé wọ̀ọ̀ láìsí agbára, ó ti rà nínú.

Lẹ́yìn náà ẹ di igun méjì tó kọjú síra mú, kí ẹ mì í. Tó bá jẹ́ àga, ẹ fi orúnkún kan tẹ ìjókòó rẹ̀, kí ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Oríkèé tó ń mì kì í ṣe ìdí láti kọ̀ ọ́. Gúlúù àtijọ́ tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran ṣe a máa rọ̀ bí omi gbígbóná tàbí ooru omi bá kàn án, a ó tú oríkèé náà, a ó nu ún mọ́, a ó sì tún un lẹ̀. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni oríkèé tí ẹnìkan ti kan ìṣó sí tàbí tó da epoxy, irú gúlúù alágbára kan, sí. Kò ṣeé tú láìfọ́ igi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá á sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ dín owó rẹ̀ gidigidi tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fa gbogbo dúrọ́ọ̀ yọ, gbogbo rẹ̀ o, kí í ṣe èyí tó wà lókè nìkan. Ẹ ka iye wọn, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn bóyá ó ti rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wo ojú irin tàbí igi tí wọ́n ń yọ́ lé bóyá ó ti jẹ. Ẹ fi téèpù wọn férémù láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, kí ẹ tún wọn èkejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju mìlímítà márùn-ún yàtọ̀, ohun náà ti wọ́, dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yóò sì máa há.

Mágínẹ́ẹ̀tì wà fún ọwọ́ àti híńjì. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí a kun ní àwọ̀ idẹ lásán ni. Idẹ gidi kì í fa mágínẹ́ẹ̀tì, àwọn oníbàárà kan sì wà tó jẹ́ pé nítorí ọwọ́ idẹ nìkan ni wọn yóò fi ra kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wọn àlàfo láti àárín ihò kan dé àárín ihò kejì níbi tí ọwọ́ wà. Ọwọ́ tuntun tí wọ́n ń tà kiri sábàá jẹ́ 96 tàbí 128 mìlímítà. Ohun àtijọ́ tí wọ́n fi íǹṣì wọ̀n sábàá jẹ́ íǹṣì mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí 76. Bí ẹ bá kọ iye yìí mọ́ ọjà, oníbàárà á ti mọ̀ kó tó débẹ̀ bóyá yóò dí ihò, yóò sì lu òmíràn.

Ihò wẹ́wẹ́ wà lára igi. Ẹni tó ń tà á ní ó ti pẹ́, pé kòkòrò ti kú. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí kòkòrò ajẹgi kan bá wọ yàrá ìkẹ́rù yín láàyè, kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo ni ẹ ó pàdánù. Gbogbo èyí tó bá wà nítòsí rẹ̀ wà nínú ewu, àti ilé àwọn oníbàárà yín pẹ̀lú.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Ihò àtijọ́ dúdú nínú, ẹnu rẹ̀ sì ti kúnná. Ihò tuntun mọ́lẹ̀ nínú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi náà. Bí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀, ẹ fi ìka ra á wò. Èyí tó kúnná bí àtíkè jẹ́ ti kòkòrò tí wọ́n ń pè ní powderpost. Igi líle ló fẹ́ràn, ihò rẹ̀ kì í sì í sábàá ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Èyí tó le wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka, tí ihò rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà kan sí méjì, jẹ́ ti kòkòrò ajẹgi inú ilé tó wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ pé kóró kéékèèké bí yanrìn lẹ rí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé mẹ́fà tí ẹ bá fi awò sún un mọ́ ojú, ikán inú igi gbígbẹ ni. Ti ikán yìí ló burú jù, nítorí inú ló ń jẹ tó ń fi ojú òde sílẹ̀. Ẹ fi ìka kan ara igi náà kó-kó. Bó bá dún bí ohun tó ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Bí kò bá sí ìyẹ̀fun tó dà, kò tíì túmọ̀ sí pé ó mọ́. Ìdin kòkòrò lè wà nínú igi fún ọdún púpọ̀ kó tó jáde. Ẹ fi bébà lẹ ihò wọ̀nyẹn pa, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Ihò tuntun tó bá la bébà jáde jẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn.

Ní ti ìtọ́jú: ohun kékeré tó bá wọ fírísà ńlá, ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, kí ẹ fi sí ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ooru náà ń pa á, ṣùgbọ́n àárín igi gan-an gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 55 Celsius, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ooru ojú nìkan kò tó, ó sì lè ṣí veneer. Oògùn olómi tí wọ́n fi boron ṣe dára lórí igi tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kì í la fáánìṣì kọjá. Nítorí náà ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ tí a kò kùn ni kí ẹ fi pa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni kòkòrò yìí sábàá ń yé ẹyin sí. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sínú ihò kò dé ọ̀dọ̀ ìdin, ó ń dènà ọ̀dà, ó sì ń fa iná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó.

Àwọn àga onítìmùtìmù ni wọ́n ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ jù. Ṣé kí n máa gbà wọ́n?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, rárá. Inú ojú rírán aṣọ, ihò súkúrù àti abẹ́ rẹ̀ ni ìdun ń sá pamọ́ sí. Ìdun tó dàgbà kò ju mìlímítà méje lọ, ẹyin rẹ̀ kò ju mìlímítà kan, ó funfun, ojú á sì fò ó. Àmì tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni àmì dúdú tótòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán náà. Bí ẹ bá rí i, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀.

Òfin tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, òfin ààbò iná lórí ohun èlò ilé tó jáde ní 1988 béèrè pé kí àga onífóòmù àlòkù tí oníṣòwò ń tà ní àkọlé tó fi hàn pé kì í tètè gbiná, àyàfi èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1950. Ẹ wádìí ti ibi tí ẹ wà kí ẹ tó ná owó. Ibùsùn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ náà wà lára ohun tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn; Amẹ́ríkà ti fòfin de títà rẹ̀ láti 2011, àlòkù pẹ̀lú, nítorí ọmọ ń há sí i.

Àga ìjẹun tí ìjókòó rẹ̀ ń yọ tí a bá tú súkúrù mẹ́rin ni ẹ lè gbà láìbẹ̀rù. Ẹ yọ ìjókòó náà kúrò kí ẹ tó gbé e wọlé. Oníbàárà yóò fi fóòmù àti aṣọ tuntun sí i, pákó abẹ́ rẹ̀ nìkan ló nílò láti fi mú ìwọ̀n.

Mo rí tábìlì tí wọ́n ti kùn léraléra, ọ̀dà rẹ̀ ń bó. Ṣé kí n fá a kí n tó tà á, kó lè níye lórí?

Ẹ má fá a. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kan sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣe é. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí ọ̀dà, ẹ kà á sí olójé títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Fífá a ní gbígbẹ ń sọ òjé di eruku, eruku yẹn sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ kódà bó bá kéré gan-an. Ó ń bá aṣọ iṣẹ́ lọ sílé.

Igi àyẹ̀wò òjé wà tí ẹ lè fi nu ibi tí ẹ ti fi ọ̀bẹ gé ọ̀dà dé ara igi, kí gbogbo ìpele lè hàn. Ilé àyẹ̀wò máa ń fúnni ní èsì tó dájú jù. Bó bá jẹ́ olójé, ẹ kọ ọ́ sí i gbàgàdàgbàgàdà, kí ẹ sì tà á fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi oògùn tàbí omi fá a nìkan. Bó bá jẹ́ àga ọmọdé, ẹ má tà á rárá.

Níbo ni ọjà ti ń wá déédéé, báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù olè?

Ilé ìtura tó ń tún yàrá ṣe, ọ́fíìsì tó ń kó lọ, ilé ìwé tó ń pààrọ̀ tábìlì, àwọn tó ń palẹ̀ ilé olóògbé mọ́, àwọn onílé tí ayálégbé fi ẹrù sílẹ̀ fún, àti gbàǹjo. Ilé ìtura ló dára jù nínú wọn, nítorí ohun kan náà ló pọ̀: ogún kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó bára mu níye lórí ju ogún tí kò jọra lọ. Ẹ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ilé náà sọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì ṣèlérí ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó kó o kúrò. Ẹni tó bá kó ẹrù kúrò lákòókò ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀kejì.

Fún gbogbo ohun tí ẹ bá rà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó tà á, déètì, iye owó, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò ohun náà níbi tí ẹ ti bá a. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ, ẹ má rajà rẹ̀. Ẹ wo inú gbogbo dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú olówó rẹ̀ kí ẹ tó gbé e, nítorí ìwé àti owó máa ń bọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀.

Báwo ni kí n ṣe fi iye lé ọjà? Àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe ń sọ pé owó mi pọ̀, èmi náà kò sì rí èrè.

Ẹ ka owó náà láti ìparí wá. Ká sọ pé kọ́bọ́ọ̀dù kan yóò mú 100 lọ́jọ́ tó bá ti di tuntun, irú owó yòówù kó jẹ́. Ọ̀dà, sáńpépà, gúlúù àti ọwọ́ tuntun lè gba 18, iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ 38, ìpolówó àti gbígbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á 10, èrè rẹ̀ 14. Ó ṣẹ́ ku 20. Iye yẹn ni ó lè fún yín, bó bá fún yín jù bẹ́ẹ̀, òun ni yóò gbé àdánù.

Nínú 20 tiyín, ọkọ̀ gba 4, àyẹ̀wò àti ìmọ́tótó 3, àyè ìkẹ́rù 2, àdánù lórí ìwọ̀nba tó bàjẹ́ 2, èrè yín 4. Ó ṣẹ́ ku 5, ìyẹn sì ni iye tí ẹ lè fi rà á. Àpẹẹrẹ ni àwọn ìṣirò yìí, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí owó ń gbà lọ. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìrajà fúnra rẹ̀. Bí ìrìn ọkọ̀ kan bá jẹ́ 32, tí ẹ kó mẹ́jọ, 4 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó méjì péré, ó di 16, ẹ sì ti jẹ gbèsè lórí ohun tí ẹ rà pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ gan-an ni èrè yín ń gbà lọ. Ẹ dúró títí ọkọ̀ yóò fi kún, tàbí kí ẹ ṣètò ìrìn kan tí yóò kó ọjà wá, tí yóò sì gbé ti oníbàárà lọ.

Ẹ má sì kó owó sínú ọjà púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá sí méjìlá tí ẹ ti yẹ̀ wò dáadáa, tí ẹ sì ti mọ oníṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́ irú rẹ̀, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ kí ẹ tó jáde lọ wá a.

Ọjà tó dára nígbà tí mo rà á ti ń là, ọ̀kan sì ti hu èbu. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lẹ gbé e lé, tàbí pé ọ̀rá lẹ fi wé e. Sìmẹ́ńtì ń fi ọ̀rinrin ránṣẹ́ sókè, ẹsẹ̀ igi sì ń mu ún. Ẹ fi igi tàbí páálẹ́ẹ̀tì gbé gbogbo ọjà sókè nílẹ̀, sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá tó, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti ògiri. Ọ̀rá ń há ọ̀rinrin mọ́ inú, èbu sì ń hù. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó wà láàrin 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára fún igi. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n. Èyí tó ń là ni ó ṣeé ṣe kó wà níbi tí oòrùn tàbí ooru ń kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí igi sì ń súnkì láìdọ́gba.

Ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀, yàrá mìíràn bó bá ṣeé ṣe, fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó má sì dàpọ̀ mọ́ ti àtijọ́ títí ẹ ó fi parí àyẹ̀wò rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, gíláàsì, dígí àti òkúta mábù gbọ́dọ̀ dúró lórí etí wọn. Bí ẹ bá tẹ́ mábù sílẹ̀ gbalaja, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò fi là nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Ẹ fi abẹ́ férémù gbé tábìlì, kì í ṣe ojú òkè rẹ̀. Ẹ fi igi abẹ́ ìjókòó gbé àga, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má lẹ téèpù mọ́ ara igi láti fi mú ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, yóò bá fáánìṣì àti veneer bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Aṣọ tí a ya fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kí ẹ fi so ó. Súkúrù tí ẹ bá tú, ẹ fi sínú àpò kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti tú u gan-an.

Oníbàárà kan dá kọ́bọ́ọ̀dù padà pé ọ̀dà tí òun kùn ún ní àmì pupa, ó sì ní ihò roboto roboto. Ṣé ẹ̀bi mi ni?

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àmì pupa tàbí ìyeyè jẹ́ oje tó wà nínú igi bíi oak àti mahogany, èyí tí ọ̀dà olómi ń tú jáde. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi shellac (oje kòkòrò tó ń yọ́ nínú sípírítì) ṣe, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ló máa ń dí i. Roboto roboto jẹ́ silicone, ohun tó ń yọ̀ bí epo, láti inú oògùn ìdángi tí onílé ti ń fi nù ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dà ń sá fún un. Kì í ṣe ẹ̀yin ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lè sọ fún un ṣáájú.

Ẹ wá ibi tó fara sin, kí ẹ fi òwú tó ní sípírítì díẹ̀ nu ún. Bí ojú rẹ̀ bá rọ̀ tó sì ń lẹ̀, shellac ni. Bí kò bá rọ̀, ẹ fi tínà nu ibòmíràn. Bó bá yọ́, lacquer ni, irú fáánìṣì kan tó ń tètè gbẹ. Bí méjèèjì kò bá mú un, fáánìṣì irú ti òde òní ló ṣeé ṣe jù. Bí èékánná bá ha ohun rírọ̀ tó ń ká jọ, ìda ni wọ́n fi pa á, white spirit, ìyẹn epo tí wọ́n fi ń pò ọ̀dà elépo, sì lè yọ ọ́.

Ẹ kọ èsì yìí sórí páálí kan tí ẹ so mọ́ ọjà: irú igi tàbí veneer, irú fáánìṣì, ìwọ̀n gíga, fífẹ̀ àti jíjìn, àlàfo ihò ọwọ́, oríkèé tó ń mì, ibi tó là, òórùn sìgá tàbí èbu bó bá wà, déètì tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò. Páálí yìí ni ìyàtọ̀ láàrin yín àti ẹni tó kàn ń kó ẹrù. Oníbàárà tó mọ àléébù kó tó sanwó kì í dá ọjà padà.

Èyí tó ti fọ́ kọjá àtúnṣe ńkọ́? Ó ń gba àyè mi.

Ẹ tú u, ẹ má gé e. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó bára mu ń tà fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n yí lórí ẹ̀rọ, nítorí ẹni tó ní tábìlì tí ẹsẹ̀ kan ti kán ń wá irú rẹ̀ kiri. Ọwọ́ idẹ, kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀, híńjì, àti ojú dúrọ́ọ̀ náà ń tà. Pákó igi àtijọ́ tó gùn ju 60 sẹ̀ńtímítà wúlò fún pẹpẹ ara ògiri, èyí tó kúrú wúlò fún dídí ibi tó kán lára ohun tí ọjọ́ orí wọn jọra. Ẹ yọ gbogbo ìṣó, kí ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wá èyí tó kù nínú igi, nítorí ìṣó kan tó pamọ́ lè fọ́ eyín ayùn oníbàárà. Èyí tó bá ní kòkòrò láàyè, ẹ má tú u, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wé e, kí ẹ sì kó o lọ síbi tí a ti ń da ìdọ̀tí nù lọ́jọ́ náà gan-an.